Àkọ́sórí Kọ́ Ni Gẹ̀ẹ́sì: Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ìlú Kánò àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìrántí ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò tí a fẹ́ sọ yìí yóò ba àwa tí a sọ ọ́ gan-an, nítorí pé nínú àṣìṣe tí a fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí ọwọ́ tiwa mọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n ń múra ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọmọ tí kò bá yege dáadáa nínú rẹ̀ nínú WAEC, ì báà mọ ìṣirò bí ẹni mu ún, ilẹ̀kùn yunifásítì yóò máa tì mọ́ ọn lójú. Nínú JAMB, ọgọ́ta ìbéèrè ni ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ogójì ogójì jẹ́ ti iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Nítorí náà, a kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń ná owó kí ọmọ rẹ̀ lè mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí a gbà ń ná owó náà ni a ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, a ó kó àwọn ọmọ lọ sí lẹ́sìn. Tíṣà yóò kọ ọ́ sójú pátákó pé bí ẹ bá ti rí “no sooner”, “than” ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí “hardly”, “when” ni. Yóò pín ìwé pẹlẹbẹ fún wọn tí àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu, yóò ní kí wọ́n kọ́ àádọ́ta sórí lónìí, kí wọ́n kọ́ àádọ́ta sórí lọ́la. Ní ọjọ́ tí a bá ṣe àpéjọ, a ó pe ọmọ jáde, yóò máa kà á bí ẹyẹ ayékòótọ́, àwa òbí yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Bí a bá délé, a ó tún kìlọ̀ fún ọmọ kan náà pé kò gbọdọ̀ sọ fànákúlà, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ má baà bàjẹ́. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá fi Yorùbá dáhùn nínú ilé ara rẹ̀.

Kí ni èrè rẹ̀? Àwa tí ẹgbẹ́ fi síbi ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rí i pẹ̀lú ojú ara wa nígbà ìsinmi tó kọjá. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ tó já fáfá, tó mọ àkànlò-èdè bí ọ̀ọ́dúnrún lórí. A ní kí gbogbo wọn kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ̀rẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ ṣaláìsí. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé inú òun bàjẹ́ láti gbọ́ pé “your father has kicked the bucket”. Gírámà rẹ̀ gún régé. Kò ṣi sípẹ́lì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ọ̀fọ̀, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

A kò bá a wí. A kàn bi í léèrè ní Yorùbá pé, “Bí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ bá kú, ṣé o lè wí fún un pé bàbá rẹ ti gbékuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra?” Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Háà, ẹ̀yin mà! Wọn ò kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o.” A ní báwo ni wọ́n ti ń sọ ọ́? Ó ní wọ́n máa ń sọ pé bàbá jáde láyé, tàbí pé wọ́n papòdà, tàbí pé bàbá ti sùn. Bó bá jẹ́ ọba, wọ́n á ní ọba wàjà. Ó mọ gbogbo rẹ̀! Ó mọ èyí tí a ń sọ fún ọ̀tá, èyí tí a ń sọ fún ọ̀rẹ́ àti èyí tí a ń sọ fún ọba. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ kọ́ ọ pé “kicked the bucket” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀, pé “passed away” ni ó yẹ kí ó kọ. Ìmọ̀ náà ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Àwa ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohun tí a ń sọ kò ju èyí lọ. Títún gbólóhùn sọ lọ́nà mìíràn jẹ́ iṣẹ́ ìtumọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àkọ́sórí. Ọmọ tí kò bá lè yí gbólóhùn padà ní èdè tí ó fi ń ronú, kò lè yí i padà ní èdè tó ń yá lò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a kórìíra irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. WAEC àti JAMB máa ń fún ọmọ ní gbólóhùn kan, wọn a sì ní kí ó mú èyí tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù láàárín mẹ́rin. Ìdánwò Cambridge fún àwọn tó ti gòkè nínú Gẹ̀ẹ́sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a fún ọ ní gbólóhùn kan àti ọ̀rọ̀ kan tí o kò gbọdọ̀ yí padà rárá, wọn a ní kí o fi ọ̀rọ̀ náà tún gbólóhùn sọ, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má sì yẹ̀. Ní èyí tó ga jù nínú wọn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ péré ni o gbọdọ̀ lò. Ìdánwò náà ti wà láti ọdún 1913. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ènìyàn mẹ́ta péré ló jókòó fún un, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà: wọ́n ní kí wọ́n túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé tàbí èdè Jámánì, kí wọ́n sì tún túmọ̀ Faransé tàbí èdè Jámánì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Òyìnbó tó ni èdè kò sọ fún àwọn àlejò wọn pé kí wọ́n gbàgbé èdè ìyá wọn kí wọ́n tó lè mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló wá sọ ọ́ fún àwa?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ hàn yín, kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí ẹni ń jà lásán.

Mú gbólóhùn yìí: “Adé ra ìwé ní Sábọ̀ngárí.” Ọmọ kékeré nílé Yorùbá lè yí i sí “Adé ni ó ra ìwé”, “Ìwé ni Adé rà”, àti “Sábọ̀ngárí ni Adé ti ra ìwé”. Kò sí tíṣà tó kọ́ ọ. Ìyípadà yìí gan-an ni àwọn ọmọ wa ń làágùn lé lórí nínú Gẹ̀ẹ́sì: “It was Ade who bought the book”, “It was a book that Ade bought”, “It was in Sabon Gari that Ade bought the book”. Iṣẹ́ tí “ni” ń ṣe fún wa ni “it was” ń ṣe fún wọn. Bí a bá fi èyí han ọmọ, “It was not until I got home that I remembered the key” kò ní jẹ́ àdììtú mọ́. “Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí kọ́kọ́rọ́” ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọmọ tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀nà ti yà. A lè sọ pé “Rírà ni Adé ra ìwé”, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Níbẹ̀, ọmọ yóò jókòó, yóò ronú pé kí ni mo fẹ́ sọ gan-an? Yóò wá rí i pé “Ade bought the book, he did not steal it” ni. Ìrònú yẹn ni ẹ̀kọ́.

Ẹ wo “no sooner” tí a ń dárúkọ. Kí ló dé tó jẹ́ “than” ló ń tẹ̀ lé e? Ìdí ni pé “sooner” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfiwéra, bí ìgbà tí a ní nǹkan kan tètè ṣẹlẹ̀ ju èkejì lọ, “than” sì ni “ju” tiwọn. “Hardly” kò fi nǹkan wé nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ “when” ló ń tẹ̀ lé e. Ọmọ tó mọ ìdí yìí kò ní ṣì í títí ayé. Ọmọ tó kọ́ ọ sórí yóò pa méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ ìdánwò tí ojú bá pọ́n ọn. Bí ó bá sì ti lè sọ pé “Bí òjò ṣe ń dá báyìí ni àwọn ọmọ tú síta”, ó ti mọ ìtumọ̀ “No sooner had the rain stopped than the children ran out”. Ohun tó kù kó kọ́ kò ju bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé “had” ṣíwájú òjò lọ.

“Wọ́n jí fóònù mi” ńkọ́? Ọmọ wa yóò kọ “They stole my phone”, ẹni tó ń máàkì yóò sì béèrè pé àwọn wo? Ní Yorùbá, “wọ́n” yẹn kò tọ́ka sí ẹnì kan. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ níbẹ̀ ni “My phone was stolen”. Bákan náà ni “Wọ́n ní ó lówó” ṣe di “He is said to be rich”. Ọmọ tí a bá fi èyí hàn kò ní máa wo ìyípadà gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bí idán mọ́.

Bí a bá sì ní “Ó ní òun ń bọ̀”, ó yé gbogbo wa pé ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń bọ̀. Bí a bá ní “Ó ní ó ń bọ̀”, ẹlòmíràn ni. “He said he was coming” kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Níhìn-ín, Yorùbá ṣe kedere ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń ti àkókò ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, ó ń sọ “is” di “was”, èyí tí àwa kì í ṣe. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ti kúrò ní ọwọ́ àkọ́sórí.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ẹ ò rí i pé Yorùbá yẹn náà ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ jẹ́? Wọ́n ń wí pé àwọn ‘hear the smell of soup’. Wọ́n ń jáde lọ, wọ́n ń wí pé ‘I am coming’.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé Yorùbá lòun ń sọ ní aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó gbé méjèèjì kalẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pé “Mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀” ni tiwa, “I can smell the soup” ni tiwọn. “Mò ń bọ̀” ni tiwa, “I'll be right back” ni tiwọn. Bí a bá lé Yorùbá jáde láti ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé ni yóò gbà wọlé. Ẹni tó mọ ààlà oko méjèèjì ni kì í ro oko olóko.

Àwọn mìíràn yóò gbé ọ̀rọ̀ ìjọba jáde. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a máa fi kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tó sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù ni àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò. A bọ̀wọ̀ fún ìjọba, ṣùgbọ́n a kò gbà. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ibi tí ọmọ ti ń kùnà yẹn ní tíṣà tó tó, bóyá ó ní ìwé, bóyá ó tilẹ̀ ní àga.

Àwa Yorùbá ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn kò kẹ́yìn. Ìròyìn àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà sì ni pé wọ́n ta wọ́n yọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù fún wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé nǹkan méjì ló para pọ̀ ṣiṣẹ́ yẹn: èdè ilé, àti tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó dáńgájíá. A kò ní kí ẹ mú ọ̀kan kí ẹ sì fi ọ̀kan sílẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yìí lè gbé èèyàn dé, ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Ní ọdún 1968, ó túmọ̀ ìwé D. O. Fágúnwà, “Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀”, tó jáde ní ọdún 1938. Nínú orúkọ tí Fágúnwà fún un, ọdẹ ló ṣáájú, igbó ló tẹ̀ lé e. Ṣóyínká yí i po: “The Forest of a Thousand Daemons” ló fi ṣáájú, ọdẹ wá di “A Hunter's Saga” lẹ́yìn. Àtúnsọ gbólóhùn nìyẹn! Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dénú kò lè ṣe é. Ọkùnrin yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986 nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀, ó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀.

Àròyé kan kù tí a kò lè fojú fò. Ẹ ní Kánò là ń gbé. Haúsá ni ọmọ ń sọ ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ nílé-ẹ̀kọ́, ìgbà wo ni Yorùbá yóò ráàyè? Ẹ̀yin òbí, èrè ni èdè mẹ́ta. Haúsá pàápàá ń ṣe bíi tiwa: “Ade ne ya sayi littafi” ni “Adé ni ó ra ìwé”. Ọmọ tó gbọ́ méjèèjì ti rí ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó. Èyí tí a fi ń jẹ́ Yorùbá nìkan ni kò sí tíṣà rẹ̀ ní Kánò bí kò ṣe àwa. Bí a kò bá sọ ọ́ nílé, kò sí ibi tí ọmọ yóò ti gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ láti fọwọ́ sí ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀.

Èkínní, kí a dá ìdíje kíka àkànlò-èdè lórí dúró. Kí a fi ìdíje àtúnsọ rọ́pò rẹ̀: a ó fún ọmọ ní gbólóhùn kan, yóò sọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta ní Yorùbá, yóò sọ ọ́ lọ́nà méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì sọ ẹni tó lè bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti ẹni tí kò gbọdọ̀ bá sọ ọ́.

Èkejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ tó pín sí méjì. Bó bá kọ “Once bitten, twice shy” sí apá ọ̀tún, kí ó lọ béèrè nílé ohun tí yóò kọ sí apá òsì. Ìyá àgbà yóò sọ fún un pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Bó bá kọ “Birds of a feather flock together”, wọ́n á sọ fún un pé ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Báyìí ni àwọn ìyá wa tí kò kàwé yóò fi di tíṣà Gẹ̀ẹ́sì láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan.

Ẹ̀kẹta, kí òbí tó bá ń gba owó ìtanràn fànákúlà jáwọ́ lónìí. Bó bá wu ẹgbẹ́, kí a máa gba owó náà lọ́wọ́ òbí tí kò bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá délé!

Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń béèrè owó ńlá lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ohun tó ń béèrè ni pé kí a má tijú ara wa mọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èdè sì ni ilé àkọ́kọ́ tí a kọ́ fún wọn.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kí Olódùmarè fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ àti òye, kí wọ́n yege nínú gbogbo ìdánwò wọn, kí wọ́n má sì gbàgbé ilé. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Àṣẹ.